Owó àtijọ́ tẹ́ ẹ wú nílẹ̀ yẹn, ẹ má tíì fi ọsàn fọ̀ ọ́ o!

*Ìdí tí owó dúdú fi níyì ju èyí tó ń dán lọ, àti bí àwọn oníjìbìtì ṣe ń fi ṣílè ayé ọjọ́un gbowó lọ́wọ́ èèyàn*

Ẹ jẹ́ ká gbà pé ilẹ̀ lẹ rà ní Basin, níbí ní Ìlọrin, tẹ́ ẹ sì fẹ́ kọ́lé sí i. Bíríkìlà ti ta okùn, àwọn lébìrà ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀. Lójijì, ṣọ́bìrì lu nǹkan, ó dún kèè! Wọ́n wú u jáde. Nǹkan roboto kan ni, ó dúdú, ó tún ń ṣe bí ewé lára, àárín rẹ̀ sì lu. Ẹnì kan ní òrùka ni. Ẹlòmíì ní oògùn ni wọ́n rì mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ ká pe àáfà. Ìgbà tí wọ́n fi omi ṣàn án ni wọ́n tó rí i pé owó ni. Owó àwọn baba wa!

Ohun tó máa ń tẹ̀lé e nìyí: ọ̀kan nínú wọn á sáré wá ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú, ẹlòmíì á bu iyẹ̀pẹ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha owó náà. Kó tó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, owó ti ń dán yànrànyànràn, inú gbogbo wọn ti dùn. Wọn ò mọ̀ pé wọ́n ti ba nǹkan jẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí la fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, nítorí pé èèyàn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀, kànga àti ṣalángá kò lóǹkà láàárín wa. Ibi táwọn òyìnbó ti ń ra ẹ̀rọ tó ń wá irin nínú ilẹ̀, tí wọ́n ń gbé e kiri oko, ṣọ́bìrì àti dígà ni ẹ̀rọ tiwa.

Owó wo gan-an lẹ wú?

Kí náírà tó dé ní ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 1973, pọ́n-ùn, ṣílè àti kọ́bọ̀ là ń ná. Kọ́bọ̀ tá à ń wí yìí kì í ṣe ti náírà o, pẹ́nì àwọn òyìnbó ni. Kọ́bọ̀ méjìlá ló ń jẹ́ ṣílè kan, ogún ṣílè ló sì ń jẹ́ pọ́n-ùn kan. Tọ́rọ́ jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́ta, sísì jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́fà. Èyí tó kéré jù lọ ni onínì, mẹ́wàá rẹ̀ ló ń jẹ́ kọ́bọ̀ kan. Nígbà tí náírà dé, ṣílè mẹ́wàá ni wọ́n kà sí náírà kan. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ táwọn àgbà ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní ṣílè.

Owó oníhò yẹn ló sábà máa ń jáde nílẹ̀: onínì, ẹ́pìnnì àti kọ́bọ̀. Wọ́n ti ń ṣe é láti ọdún 1907. Onínì àkọ́kọ́, alumíníọ̀mù ni, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàbà tí wọ́n pò mọ́ níkẹ̀ẹ̀lì ṣe é, ìyẹn ló ń funfun bíi ṣíbí. Láti 1952 ni wọ́n wá sọ àwọn oníhò di idẹ pupa. Ihò àárín rẹ̀ kò ṣàjèjì sáwọn baba wa, torí pé owó ẹyọ náà, okùn ni wọ́n ń sín in sí. Ogójì owó ẹyọ ló ń wà lókùn kan, àádọ́ta okùn ló ń jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Ẹni tó bá fẹ́ gbé owó lọ sọ́jà láyé ọjọ́un, ó gbọ́dọ̀ lórí tó le!

Ṣílè àti sísì ńkọ́? Ọdún 1912 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, fún Nàìjíríà, Gold Coast tó di Gánà, Sàró àti Gáḿbíà. Láti 1913 títí di 1920, fàdákà gidi ni wọ́n fi ń ṣe ṣílè. Lẹ́yìn ìyẹn, idẹ ló kù tí wọ́n ń lò. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá rí ṣílè tó dúdú bí èédú, tí ọdún ara rẹ̀ wà láàárín 1913 sí 1920, ẹ rọra o, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fàdákà. Ní 1959, tí Báńkì Àpapọ̀, ìyẹn Central Bank, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Nàìjíríà ní owó tirẹ̀, èyí tí wọ́n kọ “Federation of Nigeria” sí lára.

Ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́fà wà lẹ́yìn àwọn owó oníhò yẹn. Ohun tó ń mú káwọn kan máa sọ pé owó awo ni, pé àmì Ànábì Sùlèmọ́nù ló wà níbẹ̀, pé béèyàn bá dè é mọ́ra, nǹkan á ṣẹnuure. Kò sí awo kankan níbẹ̀ o. Àmì tí ìjọba amúnisìn fi sára owó wọn ni, iṣu àti ẹ̀wà ni ìyá ìyá yín fi rà.

Kí ló sọ ọ́ di dúdú?

Bí irin ṣe ń dógùn-ún náà ni owó ṣe ń dógùn-ún, àmọ́ ti oníkálukú wọn yàtọ̀. Fàdákà á dúdú, nítorí imí-ọjọ́ tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti nínú ilẹ̀. Bàbà àti idẹ á ṣe bí ewé tàbí kó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Alumíníọ̀mù á yọ funfun bí ẹfun. Àwọn kọ́bọ̀ tí wọ́n ṣe ní 1991 ńkọ́? Irin ni inú wọn, bàbà fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi bò ó lójú. Tí omi bá ti ráyè wọlé, ìpata á ti inú jẹ ẹ́ wá síta. Òòfà, ìyẹn mágínẹ́ẹ̀tì, á gbé èyí tí inú rẹ̀ jẹ́ irin, kò sì ní gbé bàbà tàbí fàdákà. Ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ lè fi dá wọn mọ̀ nìyẹn.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa: kì í ṣe gbogbo nǹkan tó wà lára owó ni ìdọ̀tí. Àwọ̀ ewé tó le, tó jọ̀lọ̀, tó lẹ̀ mọ́ idẹ pinpin, aṣọ ni. Òun ló ń dáàbò bo idẹ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ha á kúrò, ẹ ti tú owó náà síhòòhò, á sì tún bẹ̀rẹ̀ ìbàjẹ́ látorí. Ju gbogbo ẹ̀ lọ, lẹ́tà, ọdún àti orúkọ ọba tó wà lára owó lè jẹ́ pé inú aṣọ yẹn gan-an ló kù sí. Ẹ hó aṣọ, ọdún bá a lọ.

Èyí tó jẹ́ àìsàn ni àwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀, tó rí bí àtíkè, tó ń bu sílẹ̀ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án. Iyọ̀ inú ilẹ̀ ló fà á. Tí ọ̀rinrin bá ti bá iyọ̀ yẹn, á máa jẹ idẹ lọ díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ̀ á fi dá ihò. Irú owó bẹ́ẹ̀, ẹ má kó o pọ̀ mọ́ èyí tára rẹ̀ dá.

Àwọn ìfọ̀ tó ń pa owó

Ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sáré bù. Lóòótọ́, á mú kó dán. Àmọ́ ásíìdì inú ọsàn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìdọ̀tí àti owó, gbogbo rẹ̀ ló ń jẹ. Kọ́bọ̀ tó yẹ kó funfun á jáde pẹ̀lú àwọ̀ pupa bíi ti ara tí omi gbóná bó. Fínígà àti kóòkì náà, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Owó ẹyọ ni kẹ́ ẹ tiẹ̀ má dán an wò fún rárá, nítorí pé ìkarahun ni. Bí ọsàn bá ti kàn án, á bẹ̀rẹ̀ sí í hó kùṣùkùṣù, á sì máa yọ́ lójú yín.

Iyẹ̀pẹ̀, eérú, kànrìnkàn onírin àti Brasso, ara owó ni wọ́n ń ha. Ẹ fi awò wo owó tí wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ fọ̀, ẹ ó rí ilà wẹ́wẹ́ bí ìgbà tí ológbò ya èèyàn. Ilà yẹn ò lè lọ mọ́ láéláé. Àwọn míì á ní káwọn jù ú síná. Iná á yí àwọ̀ rẹ̀ padà, ó sì lè mú kó tẹ̀.

Èyí tó burú jù ni omi ásíìdì bátìrì. Ásíìdì yìí lè fọ́ ojú èèyàn, ó sì lè bó ọwọ́ dé eegun. Àwọn kan tún máa ń da Jik mọ́ ásíìdì pé kó lè tètè ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin èèyàn wa, ikú ni wọ́n ń pè yẹn o! Jik àti ásíìdì tí wọ́n bá pò pọ̀ máa ń mú afẹ́fẹ́ olóró jáde, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Tí ásíìdì bá ta sí yín lójú, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án lọ́pọ̀ ìgbà, kẹ́ ẹ sì kọrí sí ilé-ìwòsàn. Ta ló fẹ́ fi ojú ra kọ́bọ̀ tí ò ra gúgúrú mọ́?

Bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ ṣe é

Ohun tó sàn jù ni kẹ́ ẹ má fọ̀ ọ́ rárá títí ẹni tó mọ̀ á fi rí i. Tó bá di dandan kẹ́ ẹ mọ irú owó tó jẹ́, sùúrù ni oògùn rẹ̀.

Ẹ ra omi tí wọ́n ń pè ní distilled water, èyí táwọn awakọ̀ ń rọ kún bátìrì tí omi rẹ̀ bá lọ sílẹ̀. Ẹ rí i dájú pé kì í ṣe ásíìdì lẹ rà. Ẹ da omi náà sínú ike tó mọ́, kẹ́ ẹ rẹ owó náà sí i. Ẹ máa pààrọ̀ omi yẹn lójoojúmọ́. Omi kànga àti omi ẹ̀rọ ní iyọ̀ àti kẹ́míkà tiwọn, ẹ má lò wọ́n fún owó tó ti ń ṣàìsàn. Tí erùpẹ̀ bá ti rọ̀, ẹ mú igi ìtayín tàbí pákò tẹ́ ẹ ti rún ẹnu rẹ̀ títí tó fi rọ̀ bí òwú, kẹ́ ẹ fi omi ṣan pákò náà kí itọ́ kúrò lára rẹ̀, kẹ́ ẹ wá rọra máa fi gbá erùpẹ̀ náà kúrò. Erùpẹ̀ nìkan o! Tẹ́ ẹ bá ti kan àwọ̀ ewé tó le yẹn, ẹ dúró níbẹ̀.

Tó bá gan pọ̀ jù, àwọn kan máa ń rẹ ẹ́ sínú òróró ólífì, èyí tá a mọ̀ sí òróró Goya, fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Ó máa ń tú erùpẹ̀, àmọ́ ó lè yí àwọ̀ owó padà, nítorí náà owó tí kò níyì ni kẹ́ ẹ fi dán an wò.

Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ fi aṣọ òwú tẹ omi ara rẹ̀, ẹ má nù ún. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Inú àpò bébà ni kẹ́ ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, kì í ṣe nínú ọ̀rá tó ń rùn bíi rọ́bà tuntun, nítorí pé ọ̀rá yẹn máa ń sunkún sára owó, á sì lẹ̀ ẹ́ pẹ̀ṣẹ́pẹ̀ṣẹ́. Etí owó ni kẹ́ ẹ máa fọwọ́ mú, torí òógùn ọwọ́ wa náà, iyọ̀ ni.

Ṣé lóòótọ́ ló ń pa mílíọ̀nù?

Hẹn-ẹn, ibi tí gbogbo yín ń dúró dè nìyí! Òfófó tó wà nílẹ̀ ni pé ẹni tó bá ní kọ́bọ̀ 1936 ti di olówó. Ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn rẹ̀ fún yín, nítorí pé ìtàn náà dùn.

Lóṣù kìíní ọdún 1936, Edward Kẹjọ jọba ní Ìlú Ọba. Ṣùgbọ́n ọba yìí ti rí obìnrin kan, ọmọ Amẹ́ríkà, Wallis Simpson, tó ti kọ ọkọ kan rí, tó tún ń kọ ìkejì lọ́wọ́. Ọba ní òun ló wu òun. Àwọn tó ń ṣe ìjọba ní kò ṣeé ṣe. Ẹ ò rí nǹkan! Ọba ní kí wọ́n gba adé wọn, ó di oṣù kejìlá ọdún yẹn, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtẹ́. Àwọn ará London kò rí owó tó ní àwòrán rẹ̀ ná. Àmọ́ owó oníhò ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò nílò àwòrán, orúkọ lásán ló wà lára rẹ̀, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Bó ṣe di pé ẹni tó ń ra ẹ̀kọ lọ́jà ilẹ̀ wa ń ná owó ọba táwọn ọmọ ìlú ọba náà fúnra wọn kò ná nìyẹn.

Ìtàn tó lárinrin ni, àbí? Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rẹpẹtẹ ni wọ́n tẹ̀ nínú owó 1936 yẹn. Ohun tó bá pọ̀, kì í wọ́n. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú rẹ̀ kì í pa ju owó kéékèèké lọ. Ọdún tí wọn ò tẹ̀ púpọ̀, lẹ́tà kéékèèké bíi H àti KN tó ń sọ ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́, àti bí ara rẹ̀ ṣe dá tó, làwọn tó ń kó owó jọ ń wò. Wọ́n sì kórìíra owó tí wọ́n ti fọ̀. Owó dúdú tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn lè pa ju ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń dán lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Àwọn oníjìbìtì mọ̀ pé a ò mọ èyí. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ ra ṣílè yín ní mílíọ̀nù márùn-ún, kẹ́ ẹ sáà kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù. Ẹ san án tán, ó ku owó ìwé-ẹ̀rí. Ẹ san ìyẹn náà, ó ku ti kọ́sítọ́ọ̀mù. Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan o. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, báńkì àpapọ̀ Íńdíà pariwo síta pé àwọn kan ń fi orúkọ àwọn gbowó lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ ta owó àtijọ́, pé àwọn ò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ rajà lọ́wọ́ yín, kí ló ń gba owó lọ́wọ́ yín sí?

Èyí tó ju owó lọ

Nígbà míì, ibi tí owó wà nínú ilẹ̀ níyì ju owó náà lọ. Ní 2013, àwọn onímọ̀ wú owó kan jáde ní erékùṣù Manda ní Kẹ́ńyà. Òun náà lu láàárín bí onínì tiwa, àmọ́ owó ọba Ṣáínà kan tó ń jẹ́ Yongle ni, láti àárín 1403 sí 1425. Tẹ́ni tó rí i bá ti fi í sápò, kò ní ju ìdẹ lásán lọ. Ṣùgbọ́n torí pé wọ́n mọ ibi tó ti jáde, ó di ẹ̀rí pé ọjà ń rìn láàárín Ṣáínà àti Áfíríkà láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mẹ́fà ọdún sẹ́yìn.

Ẹ tún wo ti Dave Crisp, alásè kan ní ilé-ìwòsàn ní Ìlú Ọba. Ní oṣù kẹrin ọdún 2010, ẹ̀rọ awárin rẹ̀ dún nínú oko kan ní Somerset. Ó gbẹ́ ẹ díẹ̀, ó rí ẹnu ìkòkò tó kún fún owó. Kí ló ṣe? Ó dá ọwọ́ dúró, ó dá iyẹ̀pẹ̀ padà, ó lọ pe àwọn onímọ̀. Wọ́n fi sùúrù kó o jáde ní ìpele-ìpele: owó Róòmù 52,503, tó wọn nǹkan bí 160 kìlógíráàmù, gbogbo rẹ̀ ti dógùn-ún. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ làwọn òṣìṣẹ́ British Museum fi fọ̀ ọ́, tí wọ́n fi gbẹ ẹ́. Nítorí pé wọn ò dà á nù sílẹ̀ gììrì, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú owó tó dé kẹ́yìn ló wà nísàlẹ̀, wọ́n fi mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n rọ gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò. Wọ́n san 320,250 pọ́n-ùn lórí rẹ̀, Crisp àti onílẹ̀ pín in.

Ẹ má sì rò pé ilẹ̀ òyìnbó nìkan ni. Ní 1938, ní Ilé-Ifẹ̀, ìpìlẹ̀ ilé làwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́ ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ tí wọ́n fi kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń ròyìn títí dòní. Ọ̀kan nínú wọn wà ní British Museum láti 1939. Wọ́n gbé méjì míì lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì dá wọn padà ní 1950. Ẹ wo ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ ká ní àwọn lébìrà yẹn fi iyẹ̀pẹ̀ àti ásíìdì bo orí wọ̀nyẹn, tàbí kí wọ́n tà wọ́n fún àwọn tó ń ra àlòkù irin.

Nítorí irú èyí lòfin fi wà. Òfin Nọ́ńbà 77 ti ọdún 1979, tó dá àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀, ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ máa gbẹ́lẹ̀ kiri láti wá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìgba ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá ṣèèṣì rí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé nílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fi tó wọn létí láàárín ọjọ́ méje. Kì í ṣe nítorí kọ́bọ̀ 1952 kan o. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìkòkò odidi, ère, ìlẹ̀kẹ̀, tàbí owó tó kóra jọ pẹ̀lú nǹkan tí ẹ ò mọ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ọmọdé. Ní Kwara wa níbí, Èsìẹ́ ni wọ́n ti ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ní 1945, kò sì jìnnà sí Ìlọrin.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ṣọ́bìrì bá dún kèè ní Basin tàbí níbikíbi, ẹ ní kí lébìrà dúró ná. Ẹ ya fọ́tò ibi tó ti jáde, ẹ wọ̀n ọ́n bó ṣe jìn tó, ẹ kọ ọjọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi bébà wé e. Ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ fi sè ẹja. Ásíìdì, ẹ fi sílẹ̀ fún oníbátìrì. Ilẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú owó náà, ẹ̀yin náà lè fi ọjọ́ mélòó kan ní sùúrù. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ló ń rí ìfun èèrà. Ẹ kú ilé kíkọ́ o, ilé á tura!